Atúmádàrú Tú Ẹ̀rọ Bàbá Lorna

Bí ìgbéraga bá jẹ́ àgbàdo, Randall Pruett ìbá bọ́ gbogbo adìẹ Ohio, yóò sì tún ṣẹ́ kù. Nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó ẹ̀rọ ìṣirò àtijọ́ jọ ní Dayton, òun ló sọ ara rẹ̀ ní Atúmádàrú, Baba Ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, Lorna Vickers mú ẹ̀rọ ìṣirò bàbá rẹ̀ wá. Kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, kò sì tan mọ́ láti ìgbà tí bàbá náà ti kú. Ó wọ Pruett lójú. Irú rẹ̀ nìkan ni kò sí nínú àpótí dígí rẹ̀.

"Màdáámù, màá jí i. Tó bá ṣírò dáadáa lójú gbogbo ẹgbẹ́, ó di tèmi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa gbé e lọ."

Lorna rò ó pé ó sàn kó máa ṣiṣẹ́ nílé ẹlòmíì ju kó máa sùn nínú dúrọ́ọ̀ òun lọ. Ó gbà, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

Òfin ẹgbẹ́ náà kò le: ohunkóhun tó o bá fẹ́ tú, kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀. Pruett fi fóònù rẹ̀ yà á lóòótọ́. Ó yà á nígbà tó ń tú súkúrù, nígbà tó ń ha ìpẹtà bátìrì, àti kó tó yọ àwọn bọ́tìnnì nọ́ńbà láti fọ̀ wọ́n.

Nígbà tí ìpàdé pé, ó tan ẹ̀rọ náà. Iná pupa tàn yòò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àyà Lorna já: ẹ̀rọ bàbá òun ti lọ nìyẹn.

"Èjì pẹ̀lú èjì!" Pruett kígbe, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ fún un ní mẹ́rìndínlógún.

"Àbí wọ́n ti fi owó orí kún un ni?" ẹnì kan bi í láti ẹ̀yìn.

Marge Tolliver, alága ẹgbẹ́, na ọrùn wò ó. "Randall, o ti to bọ́tìnnì bíi ti fóònù! Ení kì í wà lókè lórí ẹ̀rọ ìṣirò. Èje ló máa ń wà níbẹ̀. Ibi ẹ̀jọ lo fi èjì sí, ẹ̀jọ pẹ̀lú ẹ̀jọ lo tẹ̀!"

"Irọ́ ni! Bó ṣe wà ni mo ṣe tò ó. Fọ́tò wà!"

"Ó dáa, tan án sára ògiri ká rí i."

Pruett so fóònù rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri. Fọ́tò àkọ́kọ́: eyín Pruett. Èkejì: eyín Pruett àti àgbọ̀n rẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ náà yọjú lẹ́bàá etí rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì bo gbogbo bọ́tìnnì.

"Èwo ni èje níbí, Randall? Ṣé eyín iwájú yẹn ni?" Marge bi í.

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ da kọfí sára.

"Ẹ fún mi láàyè díẹ̀, kí n tún un tò..."

"Ó ti ṣírò tán lójú gbogbo ẹgbẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Pruett," Lorna wí, ó sì mú ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ lórí tábìlì. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ jí i fún mi."

Pruett sáré lọ pa fọ́tò náà. Ìdààmú kò jẹ́ kó ríran, ló bá tẹ ibi tó ń sọ ọ́ di ńlá. Eyín kan ṣoṣo gba gbogbo ògiri, ẹ̀fọ́ tó jẹ lọ́jọ́ náà sì há sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.