Ẹran Omi Tí Mo Rọ Lógì

Ọjọ́ tí mo rọ ẹran omi lógì kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Ọmọ mi, Ṣadé, tó ń ta bátìrì sólà ní Ọjà Àlàbá, ló ní àpótí onígíláàsì kan nínú pálọ̀ wa ní Ìbà. Omi iyọ̀ bíi ti òkun ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọba ibẹ̀ ni ẹran omi kan, oníkarahun méjì, tó máa ń ṣí bí ìwé, tí etí ẹnu rẹ̀ ń dán bí àrán. Kò ju èékánná lọ nígbà tí Ṣadé gbé e wálé. Ó tọ́jú rẹ̀ títí ó fi tó àtẹ́lẹwọ́ mi.

Nígbà tó ń lọ sí Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn máa tan iná orí ẹ̀ láàárọ̀, kẹ́ ẹ pa á nírọ̀lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ni oúnjẹ ẹ̀. Ẹ má fún un ní nǹkan kan o."

"Ìmọ́lẹ̀? Ṣé sólà lòun náà ni?"

"Màmá Tísà, ẹ ti bẹ̀rẹ̀!"

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Kudi, aládùúgbò wa, yọjú. Ó wo àpótí náà, ó pòṣé. "Ẹ wò ó, ó lanu sílẹ̀ gbàgà! Ebi ń pa ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀ ń tan iná sí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ márùn-ún ni mo fọwọ́ ara mi rọ. Ta ni yóò kọ́ mi? Mo po ògì tó ṣàn, mo bu edé lílọ̀ sí i, mo fi ṣíbí dà á sí i lẹ́nu. Ó panu dé kíá. Mo ní, "Káre, gbé e mì." Nígbà tó tún lanu, mo tún fún un. Mo sì pa iná. Ẹni tó ti yó, kí ló fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ ṣe?

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, omi ti funfun bí omidùn, àwọn ẹja sì ń yọ ẹnu sókè. Mo gbọ́n lára omi náà dànù, mo fi omi kànga rọ́pò rẹ̀, mo da ìkúnwọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ mẹ́ta sí i. Mo tiẹ̀ tọ́ ọ wò.

Nígbà tí Ṣadé dé, ẹja kan ló kù. Ó fọwọ́ kan ìkarahun náà. Kò pa dé mọ́.

"Màmá, ewéko tíntìntín ló wà nínú ara ẹ̀. Àwọn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún un. Ìwọ̀nba tó kù, inú omi ló ti ń sẹ́ ẹ, bí ẹ ṣe ń sẹ́ ògì. Oúnjẹ tẹ́ ẹ dà sí i ló ba omi jẹ́."

Mo jókòó. Ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ: ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ ọ́ sójú pátákó nílé-ìwé ní Ajangbádì, tí mo ń fi gègé pupa fa igi sí ìwé ẹni tó bá gbàgbé.

Mo bẹ Ṣadé. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó tún jókòó nídìí àpótí náà. Nísinsìnyí, ó ti ra kékeré mìíràn. Ó lẹ ìwé mọ́ gíláàsì: "Màmá, ó ti jẹun." Mo wá àṣìṣe nínú rẹ̀ títí, n kò rí. Mo rẹ́rìn-ín. Kí a tó bọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ. Ìkarahun èyí tó kú yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi, ó ṣí sílẹ̀ bí ìwé tí n kò kà.