Ọ̀rẹ́ Mẹ́rìnlá Tí Wáyà Fowó Wá

Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kí ahọ́n mi wú bí búrẹ́dì inú omi.

Wáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, kò lọ́rẹ̀ẹ́ ẹyọ kan. Ló bá lọ sanwó wọ ẹgbẹ́ asáré, àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré láràárọ̀ Sátidé kí wọ́n lè dojúlùmọ̀ ara wọn.

"Ṣé ọ̀rẹ́ náà ti di ohun tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ ni?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Ẹ sáà máa wò mí, Àǹtí mi."

Sátidé àkọ́kọ́, fèrè dún. Fììì! Ẹsẹ̀ àwọn yòókù ń dún pàpà-pàpà, àyà Wáyà ń dún gbì-gbì-gbì. Kí ó tó dé ìyànà, wọ́n ti lọ, wọ́n ti bọ̀, wọ́n sì ti kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó iná.

Ìyá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn náà kọjá lára rẹ̀. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

Òun nìkan ló bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Sátidé kejì, ẹ̀rọ tó ń kọrin fún wọn dákẹ́ lójijì. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún Wáyà. Ó feyín bó wáyà, ó so ó, ó ní kí wọ́n tan án. Gbàà! Orin bú jáde.

"O mọ nǹkan tún ṣe báyìí?" ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àgbọ̀nrín, nítorí eré ẹsẹ̀ rẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Fún mi ní nọ́ńbà ẹ."

Ẹni mẹ́rìnlá ló gba nọ́ńbà lọ́jọ́ náà. Wáyà náà gba tiwọn, ó kọ wọ́n sínú fóònù: Ọ̀rẹ́ Kìíní, Ọ̀rẹ́ Kejì, títí dé Ọ̀rẹ́ Kẹrìnlá.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ọjọ́ ìbí rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó pe gbogbo wọn.

"Ẹyọ ẹnì kan péré," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Bí ẹyọ ẹnì kan bá wá nítorí tìẹ, màá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́."

Wáyà gbé kéèkì sórí tábìlì, ó to àga mẹ́rìnlá. Aago mẹ́rin lù. Kò-kò-kò, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀rẹ́ Kìíní wọlé, fáànù lábẹ́ abíyá. "Kú ọjọ́ ìbí o. Kì í yí mọ́."

Ọ̀rẹ́ Kẹta gbé tẹlifíṣàn wá. Ọ̀rẹ́ Keje àti Ọ̀rẹ́ Kẹjọ ń wọ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ gun àtẹ̀gùn, gbì-gàù, gbì-gàù. Nígbà tí yóò fi di aago márùn-ún, ẹrù ló jókòó sórí àga. Àwọn tó gbé wọn wá ti jẹ kéèkì, wọ́n ti lọ. Wọ́n ní àwọn á wá kó wọn lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo tẹlifíṣàn. "Àlejò ẹ yìí mà jókòó jẹ́ẹ́."

Ìgbà yẹn ni Àgbọ̀nrín wọlé. Páálí kékeré ló mú lọ́wọ́, bébà aláràbarà ló fi wé e, rìbọ́ọ̀nù pupa wà lórí rẹ̀.

Wáyà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ká aṣọ sókè. Orúnkún kan ti kanlẹ̀.

Wáyà tú rìbọ́ọ̀nù, ó ya bébà. Fàà. Áyọ́ọ̀nù ni, ó ń dán gbinrin. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Ẹnikẹ́ni ò ṣe irú èyí fún mi rí," ni ó wí.

"Ti màmá mi ni," ni Àgbọ̀nrín wí, ó ń wo ibi tí kéèkì kù sí. "Mo wé e kí wọ́n má baà sọ pé iṣẹ́ lèmi náà gbé wá. Kì í gbóná mọ́."

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó gbọn orúnkún.

Ohun tí ọmọbìnrin náà wí nìyẹn. Kì í gbóná mọ́.