Ọjọ́ Tí Bàbá Ìyàwó Mi Dọ̀bálẹ̀ Fún Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi sin: ọjọ́ tí Alhaji, bàbá Sikirat, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó dìde, tó tún dọ̀bálẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Nígbà náà, kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Èrúwà ni. Ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù kan tí a ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò fún àwọn tíṣà àti ìwé ìpè fún àwọn tó ń ṣègbéyàwó. Èmi ni mo máa ń jókòó ti ẹ̀rọ náà, mo sì ti kọ́ àwòrán yíyà lórí rẹ̀ níwọ̀nba. Ìwọ̀nba yẹn gan-an ló kó bá mi. Ká ní mi ò mọ nǹkan kan rárá ni, ǹ bá jókòó jẹ́ẹ́.

Sikirat ń ránṣọ ní Igbó-Ọrà. A ti fẹ́ràn ara wa débi pé ó ti sọ fún bàbá rẹ̀. Alhaji yìí, ẹ̀gúsí ló ń rà káàkiri Ayétẹ̀ àti Tápà, tó ń kó lọ sí Ìbàdàn, ohun tí kò bá sì ṣeé dì sínú àpò, kì í pè é níṣẹ́. "Ó ní òun ń tẹ ẹ̀rọ," ló máa ń sọ fún Sikirat. "Ó tẹ̀ ẹ́ tán, kí ló jáde?" Nígbà tó yá, ó ní òun yóò wá fojú ara òun rí iṣẹ́ náà lọ́jọ́ Sátidé. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ gidi, kí àwọn ẹbí mi wá tọrọ ọmọ. Tí kò bá jẹ́ iṣẹ́ gidi, olóko kan wà ní Ìgàngán tó ti ń bẹ̀bẹ̀ tipẹ́.

Olóko yìí kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Mo ro ó síwá, mo ro ó sẹ́yìn, mo ní ohun tí n ó ṣe ni àwòrán tó ń mira: èmi nínú kọ̀ǹpútà, tí mò ń dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji. Àna wo ni yóò rí irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ tí inú rẹ̀ kò ní yọ́?

Sikirat bá mi jí fọ́tò tí bàbá rẹ̀ yà lọ́jọ́ Iléyá. Mo fi sikánà fà á wọnú ẹ̀rọ, mo gé orí rẹ̀ tòun ti fìlà, mo wá fẹ̀ ẹ́. Yéè! Ojú Alhaji di onígun mẹ́rin-mẹ́rin, àfi bíi pé búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ọ́n. Àwòrán inú kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí ẹ̀gúsí tí a sá sórí ẹní. Tí o bá dúró lókèèrè, funfun kan ṣoṣo lo máa rí, ṣùgbọ́n tí o bá sún mọ́ ọn, wàá rí i pé hóró-hóró ni. Fífẹ̀ tí mo sì ń fẹ̀ ẹ́ kò fi hóró kan kún un, àwọn hóró tó wà níbẹ̀ ló kàn ń sanra. Mo bá tètè dín in kù, mo sì gé orí tèmi náà látinú fọ́tò mi kan. Máòsì ni mo fi ya ara, tèmi àti tirẹ̀, méjèèjì sì dà bí iṣu tí wọ́n wọ agbádá fún.

Mo fi ẹnì kan, Alhaji nìyẹn, jókòó sórí àga ńlá. Ẹnì kejì, èmi nìyẹn, mo yà á bó ṣe dúró, bó ṣe tẹ̀ ba, bó ṣe kúnlẹ̀, àti bó ṣe dojú bolẹ̀, torí tí ẹ̀rọ bá ń ṣí àwòrán bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn kíákíá, ojú èèyàn á gbà pé ó ń mira ni. Orí wà lábala kan, ara wà lábala mìíràn, bí ìgbà téèyàn bá gbé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara lé orí òmíràn. Mo tún gba ohùn ara mi sí i: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi lọ́mọ!" Mo wá ní kí ẹ̀rọ máa tún un ṣe láìdúró, nítorí ẹni tó ń wá ìyàwó kì í kí àna rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo wò ó, orí mi wú. Mo ní ta ló tún kù bí èmi.

Láàárọ̀ Sátidé, Sikirat yọjú kí bàbá rẹ̀ tó dé. Ó wo àwòrán náà, ó rẹ́rìn-ín, ó wá nawọ́ sójú ẹ̀rọ.

"Ọwọ́ òsì lo fi bàbá mi sí?"

"Kí ló wá burú níbẹ̀?"

"Ọwọ́ òsì kẹ̀! Ìwọ wá wà lọ́tùn-ún bí ọba. Bàbá mi á rí i o. Irú ẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rí."

Òótọ́ ló sọ. Mo sáré gbé orí Alhaji sọ́tùn-ún, mo gbé orí tèmi wá sósì. Mo fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i báyìí ni mo gbọ́ ìró mọ́tò Alhaji níwájú ṣọ́ọ̀bù. Sikirat gba ẹ̀yìn jáde.

Alhaji fi ọ̀pá wọlé, orúnkún ti ń dà á láàmú ọjọ́ ti pẹ́. Ó mú Bàbá Múrí dání, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan báyìí tó lè rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú. Mo kí wọn dáadáa, mo fún wọn níjòókòó, ẹnu mi ò sì gbé jẹ́ẹ́. Mo fi àpótí kan tó ń gbé iná pamọ́ hàn wọ́n lábẹ́ tábìlì. "Alhaji, kódà bí wọ́n bá múná lọ, ẹ̀rọ yìí ò ní kú." Alhaji mi orí. Ó jọ pé nǹkan tèmi ti ń wù ú díẹ̀. Mo bá tẹ bọ́tìnnì.

Alhaji ló yọ nínú àwòrán. Fìlà rẹ̀ pé, irùngbọ̀n rẹ̀ pé. Ó tẹ̀ ba, ó kúnlẹ̀, ó dojú bolẹ̀ gbalaja. Lórí àga ńlá, èmi ni mo fẹ̀yìn tì bí ẹni tó jogún ìlú. Ohùn kan wá jáde: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi lọ́mọ!" Orí nìkan ni mo gbé sọdá. Mi ò gbé ara.

"Ta nìyẹn?" Alhaji rọra béèrè.

"Ìwọ mà ni," Bàbá Múrí dáhùn. "Fìlà Iléyá rẹ rèé."

Mo tẹ bọ́tìnnì tí mo rò pé yóò dá a dúró, eré ló fi kún un. Alhaji wá ń lọ sókè sódò bí ọmọ odó: "Ẹ jọ̀ọ́ sà! Ẹ jọ̀ọ́ sà! Ẹ jọ̀ọ́ sà!" Àwọn tó ń kọjá ti ń yọjú lójú fèrèsé. Mo gbàdúrà kí wọ́n múná lọ, àdúrà sì gbà lójú ẹsẹ̀. Fáànù dúró, gílóòbù kú. Alhaji inú ẹ̀rọ kò kú o. Àpótí abẹ́ tábìlì ń han píìn-píìn, òun náà sì ń dọ̀bálẹ̀ lọ ràì.

Èmi náà bá dojú bolẹ̀ níwájú Alhaji gidi. "Ẹ dákun sà, ẹ má bínú." Bí mo ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ti inú ẹ̀rọ ń dìde, bí mo bá sì gbórí sókè, òun á tún lọ sílẹ̀. Bàbá Múrí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. "Alhaji, sinmi díẹ̀ kẹ̀! Ṣé kò tíì rẹ̀ ọ́ ni?"

Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọ̀pá mú, ó fi agbára dìde. "Olóko ò ní kọ̀ǹpútà," ló sọ, ó sì jáde.

Ó dùn mí wọra. Sikirat kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìròyìn ti dé Igbó-Ọrà, wọ́n ní tí Alhaji bá ń kọjá báyìí, àwọn ọmọ aráàlú á máa ké "Ẹ jọ̀ọ́ sà" látẹ̀yìn wá. Mo ti ń kí olóko kú oríire nínú ara mi.

Lọ́jọ́ ọjà kan ni Alhaji tún dé, òun nìkan. Mo fẹ́ gba ẹ̀yìn sá.

"Tan ẹ̀rọ yẹn."

"Alhaji, ẹ ṣàánú mi sà."

"Mo ní kí o tàn án. Yọ ara rẹ kúrò lórí àga yẹn." Mo yọ ara mi. "Pa ariwo yẹn." Mo pa á. "Jẹ́ kó rọra máa ṣe é."

Ó gbé àga sún mọ́ ọn, ó ń wo ara rẹ̀. Ti inú ẹ̀rọ tẹ̀ ba, ó kúnlẹ̀, ó dé ilẹ̀, ó dìde, kò fọwọ́ mú ìdí.

"Ṣé o rí i bó ṣe dìde?" ló wí. "Kò di nǹkan kan mú. Orí àga ni mo ti ń kírun láti ìgbà tí orúnkún yìí ti dé."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì dúró ti àga rẹ̀ títí ó fi wò ó tẹ́rùn.

"Iṣẹ́ ni," ló sọ nígbà tó ń mú ọ̀pá rẹ̀. "Kí àwọn bàbá rẹ máa bọ̀." Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn. "Lọ́jọ́ náà, ìwọ lo máa dọ̀bálẹ̀ o. Èmi ti ṣe tèmi."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá ń gbé orí sọdá, kó má gbàgbé ara, kó sì wo iṣẹ́ rẹ̀ wò kí àlejò tó wọlé. Sikirat ti di ìyá àwọn ọmọ mi báyìí. Tí mo bá ti ń ṣe bí ọ̀gá nínú ilé, á kàn wò mí, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà." Èmi náà á rẹ́rìn-ín, n ó sì dìde lọ ṣe ohun tó bá ní kí n ṣe.