Orógbó Ẹnu Ràímì Gáàdì

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́? Ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ Ràímì Aróyèhún ló dá a sílẹ̀.

Gáàdì ni Ràímì lẹ́nu iṣẹ́ reluwé: òun ní í fọn fèrè, òun ní í ju àsíá kí ọkọ̀ tó gbéra. Kò lè jókòó jẹ́ẹ́ láéláé. Bó ń jẹun pàápàá, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa gbọ̀n. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ò dúró ní Ìdó-Àgbọn ìlú ẹ̀ mọ́, tí iṣu ará ìlú ń jẹrà, wọ́n dìbò fún un: "Lọ bá wa sọ ọ́ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀. Kí ọkọ̀ ṣáà ti dúró."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n lu agogo pé kí ìjókòó bẹ̀rẹ̀. Ràímì fò dìde bíi pé ọkọ̀ ló fẹ́ gbéra: "Ẹ wọlé o! Ẹ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn!" Àwọn aṣòfin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìròyìn délé.

Sìfáwù ìyàwó ẹ̀ ní, "Bàbá Múrí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́. Ojú ń tì mí láàárín ìlú."

"Ìyá Múrí, ẹnu mi kì í gbọ́ tèmi."

"Ẹ fi orógbó dí i."

Bí Ràímì bá ti jókòó báyìí, orógbó á ti wà lẹ́nu. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ló ń gbọ̀n, tí omi inú ife ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń dà sórí tábìlì.

Ọjọ́ tí ilé máa jíròrò ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin wá pé. Alága ìjókòó ní, "Ó kan Ìdó-Àgbọn. Ṣé kí ọkọ̀ máa dúró níbẹ̀, àbí kó máa kọjá lọ? Ràímì, ìlú yín nìyẹn."

Ràímì fò dìde. Orógbó ti kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ó fẹ́ gbé e mì, ó há. Ó fẹ́ tu ú, ojú ń tì í. "Mmm! Mmm!" Nígbà tí ara ò gbà á mọ́, ó fa aṣọ ìnujú yọ, ó ń jù ú fìrìfìrì lókè. Aláwọ̀ ewé ni.

Alága ní, "Ẹ ò rí nǹkan? Gáàdì fúnra ẹ̀ ti ju àsíá aláwọ̀ ewé. Ó ní kí ọkọ̀ máa lọ!" Ó fi òòlù lu tábìlì. Ó parí.

Nígbà tí sáà ẹ̀ pé, wọn ò dìbò fún un mọ́. Ó di ẹrù, ó wọ ọkọ̀ ojú irin bọ̀ wálé. Ọkọ̀ dé Ìdó-Àgbọn, ó kọjá fìì. Ràímì yọrí lójú fèrèsé: "Ẹ dúró! Ilé mi nìyí!" Ta ló máa gbọ́? Ìlú kejì ló ti sọ̀ kalẹ̀, tó gbé àpótí rù, tó fẹsẹ̀ rìn padà.

Bó ṣe wọ̀lú tòun ti òógùn, Baálé ìlú wò ó látòkè délẹ̀, ó mi orí.

"Ràímì, o ò wá rí i? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Tìẹ tiẹ̀ tún gbé ọ kọjá ilé!"