Ìlẹ̀kùn Ẹ̀yìn Mọ́tò Oníná tó Ti Iṣu Ọba Mọ́nú

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Igbó-Ìrókò, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o! Oníìrókò, ọba wa, kí yín. Ó ní kí n kí yín tán kí n tó bú yín.

Ẹ má béèrè ohun tó gbé ohùn obìnrin dé ìdí agogo láàárọ̀ yìí. Akígbe ìlú wà nílé, ara rẹ̀ le. Òun ló fẹ́ ké e. Kábíyèsí ló ní rárá, ẹni tí ìdí rẹ̀ há sínú ọ̀rọ̀ ni kó gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Ìdí ọ̀hún náà rèé. Èmi Àwẹ̀ró ni, ìyá àgbà Ilé Olóko, ẹni tó ń gbé iṣu tuntun ọba wọ̀lú láti ọdún mọ́kànlélógún wá.

Ẹ mọ òfin wa. Bí ọba kò bá tíì tọ́ iṣu tuntun wò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Obìnrin ilé wa tó ti kúrò ní ọmọ bíbí nìkan ló gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣu náà kó tó dé ọ̀dọ̀ ọba. Bí oòrùn ọjọ́ náà bá sì wọ̀ kí ọba tó tọ́ ọ wò, ó tún di ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Bẹ́ẹ̀, iṣu èṣí ti tán nílé gbogbo wa. Gàrí la ń mu láti oṣù tó kọjá. Ẹ wo ikùn mi, omi ló wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ àná ṣe jẹ́, nítorí àwọn tó wà lóko.

Ọmọba Adékànmbí, àrẹ̀mọ ọba, ló ra mọ́tò tuntun. Mọ́tò yìí kì í mu epo. Iná ló ń jẹ, bíi fóònù. Kì í pariwo. Ó ti máa ń dé ẹ̀yìn èèyàn kéèyàn tó mọ̀. Ọmọba bẹ̀ mí pé kí orí mi sinmi lọ́dún yìí, kí iṣu gun mọ́tò. Mo wo ọrùn mi, mo wo ọ̀nà oko, mo gbà. Ẹ bú mi, mo tọ́ sí i.

Mo tẹ́ iṣu sínú bùútù, mo jókòó síwájú bí ìyàwó tuntun. Ọ̀sán gangan la dé iwájú ààfin. Ẹ sì tò sẹ́yìn mọ́tò láti kí iṣu gẹ́gẹ́ bí àṣà: ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀. Ẹ ṣe dáadáa. Àmọ́ ojú kan fara sin lábẹ́ ìdí mọ́tò náà. Bí ẹrù bá kún ọwọ́ èèyàn, kó ṣáà fi ẹsẹ̀ gba abẹ́ ibẹ̀, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn á ṣí fúnra rẹ̀. Ẹni tó ṣe é kò mọ Igbó-Ìrókò. Kò mọ̀ pé odindi ìlú lè dọ̀bálẹ̀ fún bùútù.

Ilé Ọdẹ dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ wọn wọ abẹ́ mọ́tò, ìlẹ̀kùn ṣí. Wọ́n fa ọwọ́ yọ, ó pa dé. Ilé Alágbẹ̀dẹ dọ̀bálẹ̀, ó ṣí. Olóyè Ọ̀tún tètè dìde, ìlẹ̀kùn gbá a lágbọ̀n, fìlà rẹ̀ fò dé orí òrùlé. Ṣé ẹ wá ṣíwọ́? Ẹ ò ṣíwọ́. Ẹ ní iṣu ń dáhùn. Ẹ ń sáré padà wá kí i lẹ́ẹ̀kejì. Ilé mẹ́rìnlá, ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì! Ìlẹ̀kùn ṣí, ó pa dé, ó ṣí, ó pa dé, ó kú. Bátìrì tó ń ṣí i ti tán.

Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn náà kò ní ihò kọ́kọ́rọ́. Kò ní ibi tí ọwọ́ lè dì mú. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ní, bọ́tìnnì sì ti bá bátìrì lọ. Òógùn bo Ọmọba. Ó pe àwọn tó tà á fún un. Wọ́n ní okùn tín-ín-rín kan wà nínú bùútù, kí ẹnìkan gba ìlẹ̀kùn iwájú wọlé, kó rá kọjá lórí ìjókòó ẹ̀yìn, kó lọ fà á. Ẹnìkan! Ta ni ẹnìkan tó lè bá iṣu ọba sùn sójú kan? Gbogbo ojú bọ́ sára mi. Oòrùn sì ti rọ̀ dé orí ìrókò ààfin.

Mo ti máa ń sọ fún yín pé pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mí. Ọdún tí wọ́n gbé mi wọlé ọkọ ni mò ń sọ. Orí wọlé, èjìká wọlé, ìdí ní òun ò lọ. Ìyàwó ilé mẹ́fà ló ń tì mí. Ọ̀kan nínú wọn ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín rẹ̀, a ó pàdé nílé.

Ọmọba ń bẹ̀ mí lẹ́yìn: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra, awọ ìjókòó yẹn.”

Mo ní, “Adékànmbí, awọ tèmi ńkọ́?”

Ìró mi kù sẹ́yìn, èmi já sínú. Òkùnkùn biribiri. Mo táràrà, mo ba okùn kan, mo fà á tagbáratagbára. Ó já. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi ni. Ẹ má bi mí ohun tí arúgbó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe. Ẹ bi bàbá, ọkọ mi. Mo tún táràrà, mo ba òmíràn, mo fà á.

Ìlẹ̀kùn fò sókè. Èmi rèé nínú bùútù, tòbí nídìí, iṣu láyà. Gbogbo ìlú dojú bolẹ̀. Títí di ìsinsìnyí n kò mọ̀ bóyá iṣu lẹ ń kí ni, àbí ẹ ń fojú pamọ́ fún mi.

Mo gbé iṣu wọ ààfin, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Oòrùn ku ìka kan. Ẹ lọ sílé, ẹ mu gàrí, ẹ sùn, ẹ kò mọ̀ bóyá ọba tọ́ ọ wò tàbí kò tọ́ ọ wò. Ẹ fẹ́ gbọ́? Ẹ gbọ́ àṣẹ ná!

Èkíní. Mọ́tò tí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá ní ihò kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ gbé iṣu ọba mọ́. Kò gbọdọ̀ gbé bàtà ọba pàápàá.

Èkejì. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò oníná! Mo tún un wí, ẹ má dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀! Iwájú ni kẹ́ ẹ ti kí i. Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ọ̀kadà ìlú yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì ki wọ́n ní oríkì.

Ẹ̀kẹta. Kí Ọmọba so okùn pupa, tó nípọn bí okùn àgbò, mọ́ okùn tín-ín-rín inú bùútù, kí arúgbó má baà fa ohun tí kò kan ọba.

Ẹ̀kẹrin. Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò oníná, kó mú ìyá àgbà kan dání lọ. Bí ìyá àgbà kò bá lè gba ẹ̀yìn ìjókòó kọjá, kó má rà á. Ẹni tó bá rú òfin yìí, òun fúnra rẹ̀ la ó tì gba ibẹ̀, ìyàwó ilé mẹ́fà ni yóò sì tì í.

Ẹ̀karùn-ún. Mọ́tò náà yóò fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta níwájú ilé Olóyè Ọ̀tún, láti fi tọrọ àforíjì. Olóyè ní òun yóò rò ó wò.

Ẹ̀kẹfà kò ti ẹnu ọba wá, èmi ni mo fi kún un. Ẹni tó bá ṣa ìlẹ̀kẹ̀ nídìí mọ́tò, kó dá a padà. Kó má dán an wò. Yóò bọ́ sílẹ̀ nídìí rẹ̀.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí tó kù. Ìgbà tí mo gbé iṣu dé iwájú ọba, kò sáyè àtisun, kò sáyè àtisè. Oòrùn ti ń rì. Oníìrókò wo iṣu, ó wo ojú fèrèsé, ó ronú kan gbogbo ilé tó ń mu gàrí. Ó gba ọ̀bẹ. Ó gé iṣu ní tútù, ó rún un, ó gbé e mì! Ètè ọba wú bí àkàrà. Ẹnu ń yún un títí di àárọ̀ yìí. Ọwọ́ ló fi júwe gbogbo òfin tí mo kà fún yín. Ṣùgbọ́n oòrùn kò tíì wọ̀! Èmi Àwẹ̀ró wà níbẹ̀, ojú mi ló ṣe. Oòrùn kò tíì wọ̀!

Iṣu tuntun ti di jíjẹ o! Oníìrókò ló pàṣẹ, Àwẹ̀ró ló jíṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ kó wí fún ẹni tó wà lódò. Mò ń lọ sí Òkè Ọ̀nà báyìí láti lọ ké e níbẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn mi mọ́, ẹ má wá mi, ìró odó tí ìlú fi ń gúnyán ló bò ó mọ́lẹ̀.