Àṣẹ Kábíyèsí Lórí Bọ́ọ̀sì Tòkunbọ̀ Tí A Ó Fi Kó Gààrí

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta. Bọ́ọ̀sì tí ẹgbẹ́ elégààrí fi ń kó gààrí lọ sọ́jà kú.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Àgbọ́n, ẹ dá odó dúró, ẹ pa rédíò! Èmi Ọ̀jẹ́wùmí akéde ni. Kábíyèsí ní kí n kí yín. Mo kí yín. Ó tó.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bọ́ọ̀sì náà gun òkè Aláàyán dé ìdajì. Ó húkọ́. Ó fà sẹ́yìn. Ó bọ́ sódò tòun ti gààrí. Awakọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ṣèṣe. Ṣùgbọ́n odò wú! Odò funfun! Àwọn kan nínú yín sì sáré dé tàwọn ti ṣíbí! Mo rí yín! Olóyè Fáṣeun, ẹ̀yin lẹ gbé ṣúgà wá. Kábíyèsí nìkan ló fara balẹ̀ ronú, kí wọ́n tó béèrè bóyá ẹ̀pà wà.

Ta ló ra bọ́ọ̀sì yìí? Ìgbìmọ̀ ìlú ni, tòun ti Olóyè Fáṣeun! Ẹni tó tà á ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí wọ́n tó dé, ó ti gbóná, wọn kò gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Rédíò ọkọ̀ ń kọrin. Ìjókòó rọ̀. Kò sẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n da ọtí sí táyà, wọ́n ní àwọn ń wẹ ọkọ̀ tuntun. Òkú ni wọ́n wẹ̀!

Ìyá Sàláwátù, olórí elégààrí, ti sọ ọ́ láàfin: bí gààrí wa kò bá dé ọjà tí ń bọ̀, àwọn oníbàárà yóò yà sí ìlú mìíràn, wọn kò sì ní padà. Ilé tó ń jẹun lára gààrí pọ̀ nínú ìlú yìí. Ilé tèmi wà níbẹ̀.

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ pé kí a ra òmíràn, báyìí sì ni a ó ṣe rà á!

Èkíní. Ìgbìmọ̀ yóò ká ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ mọ́lé ní ìdájí. Ẹ́ńjìnnì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Bí ó bá ti gbóná, kí wọ́n kí i pé ẹ kú ìdájí, kí wọ́n máa bọ̀ nílé.

Èkejì. A ó wádìí ọkọ̀ bí a ti ń wádìí ìyàwó. Ọwọ́ ta ló ti wá? Iṣẹ́ wo ló ṣe? Ṣé kò sí ikọ́ nínú ìran wọn?

Ẹ̀kẹta. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbàdúrà lé ọkọ̀ kí mẹkáníìkì tó jáde lábẹ́ rẹ̀. Pásítọ̀, ẹ gbọ́! Lèmọ́mù, ẹ gbọ́! Ẹni tó bá ṣàmín ṣáájú yóò gbé e mì padà.

Ẹ̀kẹrin. Kò sí ọtí! Mo tún un sọ, kò sí ọtí! Ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ gun òkè tẹrùtẹrù. Ìgbìmọ̀ fúnra wọn ni ẹrù. Ẹ̀yìn pátápátá ni Olóyè Fáṣeun yóò jókòó, nítorí ìwọ̀n wọn. Bí bíréèkì bá mú, ẹ máa bọ̀. Bí kò bá mú, ẹ mọ ọ̀nà odò.

Ẹ̀karùn-ún. Ẹ má ra ọkọ̀ nítorí ìjókòó rírọ̀. Gààrí kì í jókòó.

Ẹni tó bá rú òfin yìí, òun ni bọ́ọ̀sì! Yóò ru àpò gààrí dé ọjà, yóò máa fẹnu fọn hóònù lọ lójú títì! A ó kọ nọ́ńbà sí i lẹ́yìn! Kò sì ní mu gààrí jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn!

Ẹnu mi ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí ìlú gbé e.

Ó ku kan. Lọ́la ni ẹni tó ń ra irin yóò wá wọ́ òkú bọ́ọ̀sì náà lọ. Mo ti wọnú rẹ̀. Ẹ wá kó ẹrù yín níwájú ilé mi.

Bàtà pupa kan, tẹsẹ̀ òsì.

Fìlà ọmọ ọwọ́.

Ìdajì orógbó.

Agboòrùn tí egungun rẹ̀ kan ti ṣẹ́.

Gèlè aláró kan, lábẹ́ ìjókòó iwájú. Ti Àmọ̀kẹ́ ìyàwó mi ni, tí a sin lóṣù tó kọjá. Ẹ má wá béèrè ìyẹn.