Aṣọ Akọrin Tó Bá Ẹja Wọ Ọkọ̀ Òkun

Bí mo bá dàgbà títí tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọ̀rọ̀ aṣọ akọrin màmá mi kò ní kúrò lọ́kàn mi. Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Warehouse Road, l'Ápápá, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn kó ẹrù lọ sókè òkun. N ò tíì pẹ́ níbẹ̀ rárá, àmọ́ bí mo bá délé wa l'Ájégúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́, bí ẹni tó ni èbúté ni mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ ò lè bu omi mu níwájú mi kí n má sọ fún yín irú ọkọ̀ tó gbé ife náà wá.

Màmá mi ni olórí akọrin nínú ìjọ wa. Ìjọ náà ní ẹ̀ka kan ní London, àwọn ọmọ àdúgbò wa tó ti rìnrìn àjò ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe ìkórè àkọ́kọ́ nínú ilé ìsìn tiwọn, wọ́n ní kí màmá wá bá wọn ṣe é, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò fún un ní físà. Màmá ra aṣọ funfun, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ní òun á rán aṣọ fún gbogbo akọrin wọn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, èmi ni mo máa ń bá a ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Bí mo bá ti ṣe é tán, á ní, "O ṣeun, ojú mi."

Nígbà tó rán an tán, ó bi mí pé, "Ṣé bàlúù ò ní dáa fún un báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín bí ọ̀mọ̀ràn. "Màmá, bàlúù kì í wo ìwúwo ẹrù nìkan, ó ń wo àyè tí ẹrù gbà. Aṣọ yìí fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ páálí rẹ̀ tóbi. Owó gọbọi ni wọ́n máa bù lé e. Ọkọ̀ òkun ló yẹ ẹ́. Á pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìkórè ṣì jìnnà. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀. "Ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ."

Ìyá Adé, ọmọ ìjọ wa tó ń yan ẹja ní Snake Island, náà fẹ́ fi ẹja yíyan ránṣẹ́ kí wọ́n tà á níbi ìkórè ọ̀hún. Mo ní kí a kúkú da ẹrù pọ̀ sínú kọntéénà kan. Ìyá Adé fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún mi. "Ọmọ mi, ẹja mi ń rùn o." Mo ní kó má dààmú, náílọ́ọ̀nù wà.

Ọjọ́ tí a ń kó ẹrù lọ sí èbúté, ọkọ̀ wa kú sí ibùdókọ̀ Coconut, lójú ọ̀nà èbúté. Awakọ̀ ní, "Ọ̀gá, no wahala," ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ibẹ̀ ló wà tí òjò fi dé. Tapólì tí a fi bo ẹrù lu, orí páálí aṣọ gan-an ni ibi tó lu sì bọ́ sí. Náílọ́ọ̀nù gba aṣọ là, ṣùgbọ́n páálí rọ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ìyá Adé, tó tẹ̀ lé wa wá sin ẹja rẹ̀, kó ẹja inú páálí kan há àárín àwọn yòókù, ó ní, "Gba èyí, ó le dáadáa." Mo bọ́ náílọ́ọ̀nù tó ti rin kúrò lára aṣọ, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sí páálí náà, mo to aṣọ sínú rẹ̀, mo so ó pinpin. Orí mi wú. Mo ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì, mo jẹ ẹ́ bí ẹni tó ṣẹ́gun. N kò rántí pé Ìyá Adé ti kọ ẸJA gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ páálí náà.

Ọkọ̀ òkun náà ò yára. Ó yà síbí, ó dúró lọ́hùn-ún, ìkórè sì ku ọ̀la kí ẹrù tó dé ọwọ́ Táyọ̀, ọmọkùnrin tó ń darí akọrin wọn. Ó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹja ti dé. Aṣọ ńkọ́?"

"Ṣé ẹ ti ṣí àwọn páálí náà?"

"A ò tíì ṣí ìkankan. Òórùn wọn ti gba ilé, a bá kó gbogbo wọn sínú fíríìsà."

"Táyọ̀, jọ̀ọ́, aṣọ wà nínú ọ̀kan nínú wọn."

Wọ́n kó páálí jáde, wọ́n rí aṣọ náà, ṣùgbọ́n òórùn ẹja ti wọ̀ ọ́ lára. Kò sí àyè láti fọ aṣọ kó gbẹ nínú òtútù yẹn. Wọ́n sá a sórí ìjókòó, wọ́n fín lọ́fínńdà sí i lára. Táyọ̀ tún pè, ó ní ó ti wá dà bí ẹja tó fẹ́ lọ ṣègbéyàwó.

Ní ọjọ́ ìkórè, a jókòó ní pálọ̀ l'Ájégúnlẹ̀, à ń wo ìsìn wọn lórí fóònù. Màmá wé gèlè bí ẹni pé òun náà wà níbẹ̀. Èmi ń làágùn. Àwọn akọrin wọlé, aṣọ náà rẹwà lára wọn. Àwọn ọmọdé tó wà níwájú fọwọ́ bo imú. Ẹnì kan dìde lọ ṣí fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà kan ní ìlà kejì bú sẹ́kún, tí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ̀bá odò ni wọ́n ti tọ́ mi. Ẹja ni ìyá mi ń yan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, n ò gbóòórùn rẹ̀ mọ́, àfi lónìí, lára àwọn ọmọ yìí."

Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń nu ojú. Màmá mi rọra yíjú sí mi. "Òórùn kí ni?"

Mo rò ó fún un: Coconut, òjò, páálí, fíríìsà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú.

"Wọ́n ní ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ á di ọṣẹ," ó ní. "N ò mọ̀ pé aṣọ lè di ẹja."

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Màmá ti sùn nínú Olúwa, àwọn ayálégbé ló wà nínú pálọ̀ yẹn. Mo ṣì wà ní Warehouse Road. Bí oníbàárà bá bi mí pé bàlúù ni àbí ọkọ̀ òkun, n kì í sáré fẹnu yàn fún un mọ́. Mo máa ń bi í pé kí ni ẹrù náà, ta ló ń retí rẹ̀, kí ni wọ́n sì fẹ́ gbé tì í. Ọkọ̀ òkun dára fún ohun tó lè fara da ìdúró. Ohun tí ọkàn ẹnì kan bá so mọ́, ẹ jẹ́ kó fò.

Bí mo bá sì kọjá níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ẹ̀rín máa ń pa mí. Àwọn tó ń yan án á rò pé mo fẹ́ rà, wọ́n á máa ṣa èyí tó tóbi fún mi. Ojú á tì mí láti sọ pé màmá mi ni mo rántí, màá sì rà á.